Irin Tẹ́ẹ́rẹ́ Tó Gbé Kẹ̀kẹ́ Ró

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere la gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ara kẹ̀kẹ́ la máa yẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni: ríìmù tí táyà jókòó lé, họ́ọ̀bù tó wà láàárín, àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so méjèèjì pọ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí sípóòkù.

Bí ẹ bá rí sípóòkù kan tí wọ́n ti bọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́, ẹ gbé e nàró sórí tábìlì, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ ò ní tíì lo agbára kankan tó fi máa wọ́. Irin tó gùn tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, tí kò sì nípọn ju mìlímítà méjì lọ, kí ló fẹ́ fi dúró? Síbẹ̀, irin yìí kan náà ló wà lábẹ́ bàbá tó gun kẹ̀kẹ́ ti oko bọ̀, tó so àpò gààrí mọ́ kááríà, tó tún gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí irin iwájú. Kẹ̀kẹ́ náà á bọ́ sí kòtò, á jáde. Á gba orí gbòǹgbò igi kọjá. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sípóòkù rẹ̀.

Bí a bá bi èèyàn pé kí ló fà á, ohun tó máa ń yá lẹ́nu ni pé sípóòkù pọ̀, pé ńṣe ni wọ́n ń bára wọn pín ẹrù náà. Ìdáhùn yẹn kò tíì dé ibẹ̀. Ká ní ẹ to sípóòkù 36 yí họ́ọ̀bù ká, tí ẹ kàn ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọnú ihò rẹ̀ láìfà á le, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà á wó lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá kọ́kọ́ jókòó lé e. Mélòó nínú wọn ló wà lábẹ́ họ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà? Wọn ò ju bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Pípọ̀ nìkan kò lè gbà wọ́n.

Ohun tó gbà wọ́n ni pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gba títẹ̀, àmọ́ ó lè gba fífà ju bí a ṣe rò lọ. Sípóòkù tí ọmọdé fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́ yẹn, ẹ fi kọ́ ara àjà, kí ẹ so ẹrù mọ́ ìdí rẹ̀. Ó lè gbé ju 250 kìlógíráàmù lọ kó tó já. Ọgbọ́n tí àwọn tó ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dá, ní kúkúrú, ni pé kí sípóòkù máà fojú kan títẹ̀ láyé rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́ náà rárá, ẹni tó tò ó ti fi sípánà kékeré yí nọ́ọ̀tì orí sípóòkù kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn fi le koránkorán. Nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tò dáadáa, fífà tó wà lára sípóòkù kan máa ń tó nǹkan bí 100 kìlógíráàmù. Ẹ wá sọ ìyẹn di ọ̀nà 36. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri jẹ́ẹ́, tí kò gbé ẹrù kankan, fífà tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ ló ti wà nínú rẹ̀.

Ríìmù ni gbogbo fífà yẹn ń fà wọnú. Kò sì ráyè wọnú, nítorí òbìrípo ni. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni ara rẹ̀ ń fún pọ̀, tí apá kan rẹ̀ ń ti apá kejì. Ìfúnpọ̀ tó wà lára ríìmù tí sípóòkù 36 ń fà báyìí lé ní 570 kìlógíráàmù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń tẹ irin ríìmù ní kọ́rọ́kọ́rọ́ tàbí kí wọ́n jẹ́ kí inú rẹ̀ ṣófo bíi páìpù, kó má baà ká níbi tí wọ́n ti ń fún un.

Wàyí o, ẹnìkan wá jókòó lé kẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn bá họ́ọ̀bù lọ. Àwọn sípóòkù òkè ń fà á sókè, àwọn ti ìsàlẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀. Agbára wọn dọ́gba, ìyẹn ló fi dúró láàárín. Nígbà tí ẹrù dé, ilẹ̀ ti ríìmù sókè ní ọ̀gangan ibi tí táyà ti kan ilẹ̀, ríìmù sì tẹ̀ níbẹ̀, ìwọ̀nba bíńtín tí ojú kò lè rí. Àwọn sípóòkù mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wà níbẹ̀ á bá a dẹ̀ díẹ̀. Wọn kò tíì tú, wọn kò sì wọ́. Wọ́n ṣì ń fa họ́ọ̀bù sísàlẹ̀, àmọ́ wọn ò fà á tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ti òkè ní tiwọn ń fà bí wọ́n ṣe ń fà látàárọ̀. Ìyàtọ̀ tó wá wà láàárín fífà òkè àti fífà ìsàlẹ̀ ló gbé ẹni náà ró. Bó bá jẹ́ pé ẹrù tó bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ 60 kìlógíráàmù, ohun tí àwọn ti ìsàlẹ̀ pàdánù lápapọ̀ kò ní jìnnà sí 60 kìlógíráàmù náà. Ẹ sì rántí pé ìkọ̀ọ̀kan wọn ní 100 nílé. Wọ́n ṣì ní púpọ̀ tí wọ́n lè pàdánù kí wọ́n tó dẹ̀ tán pátápátá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, àtàwọn ẹnjiníà pàápàá, gbà tẹ́lẹ̀ pé ńṣe ni họ́ọ̀bù rọ̀ mọ́ àwọn sípóòkù òkè, pé àwọn yẹn ló ń le sí i nígbà tí ẹrù bá dé. Ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jobst Brandt, ọkùnrin gíga kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ la àwọn òkè Alps kọjá, ló fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tó ń dé bá sípóòkù kọ̀ọ̀kan. Ó kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé kan, The Bicycle Wheel, tó jáde ní 1981. Ó fi hàn níbẹ̀ pé àwọn ti ìsàlẹ̀ ni nǹkan ṣe ní ti gidi, pé ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí ni fífà àwọn tó kù fi yí padà. Brandt wá là á mọ́lẹ̀ pé orí àwọn sípóòkù ìsàlẹ̀ ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dúró lé. Ọ̀rọ̀ yẹn bí àwọn kan nínú. Wọ́n ní báwo ni èèyàn ṣe máa dúró lórí ohun tó ń fà á wálẹ̀? Àwọn tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ṣì ń fà á láàárín ara wọn. Lójú tèmi, ìjà ẹnu lásán ni. Bí a bá pè é ní ìdúró, bí a bá pè é ní ìrọ̀mọ́, iye tí òṣùwọ̀n máa kà lára sípóòkù kò ní yàtọ̀.

Etí yín lè ṣe òṣùwọ̀n náà. Ẹni tó bá mọ dùndún mọ̀ pé ọsán, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, ni onílù máa ń fún mọ́ ìhà kí ohùn tó lọ sókè. Tó bá sì dẹ ọwọ́, ohùn á wálẹ̀. Bí sípóòkù ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ lọ síbi kẹ̀kẹ́ tó wà nítòsí yín, kí ẹ fi èékánná ta sípóòkù kan tó wà nísàlẹ̀, nítòsí ríìmù, kí ẹ sì fetí sí ohùn rẹ̀. Kí ẹnìkan wá jókòó lé kẹ̀kẹ́ náà, kí ẹlòmíì di í mú. Ẹ tún un ta. Ohùn ti wálẹ̀. Ẹ wá ta èyí tó wà lókè pátápátá, kí ẹni tó jókòó dìde, kí ẹ tún un ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Bóyá ni ẹ máa gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe bọ̀ látàárọ̀, ìka kan àti etí kan ti tó láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń ṣe irú èyí láìsọ ohunkóhun. Wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ dojú bolẹ̀, wọ́n á yí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá máa ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ni sípánà máa kọ́kọ́ bá.

Ẹ jẹ́ ká ya ìdí ìtàn díẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń ṣe sípóòkù ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù láyé àtijọ́. Igi lè gba títẹ̀ bó bá nípọn tó, nítorí náà èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ló ń gbé ẹrù, tí kò bá sì nípọn, á kán. Ẹ mọ bí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ á ṣe wúwo tó. Ní 1808, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Cayley, kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé òun fẹ́ yọ igi wọ̀nyí kúrò, kí òun fi okùn tó le dáadáa rọ́pò wọn. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló ń rò. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà fò lójú ọ̀run ló ń wá kiri, ó sì fẹ́ ẹsẹ̀ tó fúyẹ́ fún ohun tó fẹ́ fi fò. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kọjá kí irú èrò yẹn tó bọ́ sára kẹ̀kẹ́. Eugène Meyer ní Paris gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ onísípóòkù wáyà ní 1869. Ní 1870, James Starley àti William Hillman ní Coventry gba ìwé ẹ̀tọ́ tiwọn lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sọ ní Ariel. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni Starley yìí ń ṣe kó tó kọjú sí kẹ̀kẹ́, bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí ohun tó kéré bà á lẹ́rù.

Starley kan náà ló rí àbùkù tó wà nínú iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Bí sípóòkù bá jáde tààrà láti àárín họ́ọ̀bù lọ bá ríìmù, ó lè gbé ẹrù, àmọ́ kò mọ bí a ṣe ń yí nǹkan. Tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá tẹ pẹ́dààlì, họ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ yí; ríìmù tí táyà wà lára rẹ̀ kò fẹ́ yí, ilẹ̀ di í mú. Họ́ọ̀bù á kọ́kọ́ lọ́ díẹ̀ kí sípóòkù tó lè fa ríìmù lọ. Ní 1874, Starley gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà mìíràn: kí sípóòkù máà tọ àárín họ́ọ̀bù, kó gba etí rẹ̀ jáde ní ìdábùú, kí ìdajì wọn kọjú síwájú, kí ìdajì kọjú sẹ́yìn, kí wọ́n sì máa kọjá lórí ara wọn. Báyìí, ẹsẹ̀ kò ní tíì tẹ pẹ́dààlì tán tí apá kan sípóòkù á ti le sí i, tí apá kejì á dẹ̀ díẹ̀, ríìmù á sì tẹ̀ lé họ́ọ̀bù lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Bí sípóòkù rẹ̀ ṣe gbé ara wọn kọjá yẹn, iṣẹ́ 1874 ni.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa láti London ti rí èyí tó tóbi jù u lọ fíìfíì. London Eye, tí wọ́n ṣí ní 2000 létí odò Thames, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ 120 mítà, okùn irin 64 ló sì ń ṣe iṣẹ́ sípóòkù níbẹ̀, gbogbo wọn ń fà, kò sí ìkankan tí wọ́n ń tẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti London ò kàn wá tó kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, èyí tó ti Nottingham wá, tí ríìmù rẹ̀ jẹ́ irin, tí táyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 28, tí irin gbọọrọ ń fa búréèkì rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣì wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ lọ ka sípóòkù rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá 32 níwájú, kí ẹ sì bá 40 lẹ́yìn. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, 36 ni wọ́n ń fi síwájú, 36 ni wọ́n ń fi sẹ́yìn. Àpapọ̀ wọn 72 ni ní ibi méjèèjì, owó irin kan náà ni. Àmọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń gbé bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ara ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, kááríà tún wà lórí rẹ̀, ṣéènì tún ń fà á. Ibi tí pípọ̀ sípóòkù ti wúlò nìyí: bí wọ́n bá sún mọ́ra, àwọn tó ń dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ ẹrù á pọ̀ sí i, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì pàdánù. Bí ọ̀kan bá tún já nínú 40, ẹ lè gùn ún délé. Bí ọ̀kan bá já nínú 20, irú èyí tó wà lára àwọn kẹ̀kẹ́ ìdíje olówó iyebíye, ríìmù á ti máa ha búréèkì kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

A dé ibi tó ta kókó jù. Bí sípóòkù bá lè gbé ju 250 kìlógíráàmù lọ, tó sì jẹ́ pé 100 péré ló wà lára rẹ̀, kí ló ń já a? Òtítọ́ ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹrù já sípóòkù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àárẹ̀ ló ń pa á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà íǹṣì 28 máa ń rin nǹkan bíi mítà méjì lé díẹ̀ bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ní kìlómítà kan, ó ti yí bí ìgbà 450. Ẹni tó bá ń gun 20 kìlómítà lóòjọ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á yí bí ìgbà 9,000 kílẹ̀ tó ṣú. Gbogbo ìgbà tó bá yí, sípóòkù kọ̀ọ̀kan á dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dẹ̀, á tún le padà. Fún ọjọ́ 300 nínú ọdún, ó ti dẹ̀ tó sì ti le ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Irin tí a bá ń ṣe báyìí fún, láìjẹ́ pé a fà á dé ibi tó ti máa já, á bẹ̀rẹ̀ sí í la díẹ̀díẹ̀ níbì kan. Lílà náà á máa wọlé lọ lọ́dọọdún, títí irin tó ṣẹ́kù kò fi ní tó gbé fífà rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tó bá já, ó lè jẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí kò sí kòtò, tí kò sí ẹrù. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á wá máa wá ẹni tó ṣe é.

Ibi méjì ló sábà máa ń já sí: ọrùn rẹ̀, níbi tó ti tẹ̀ wọnú ihò họ́ọ̀bù, tàbí ibi tí nọ́ọ̀tì ti gbá ojú rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìmù. Àárín rẹ̀ kì í sábà já. Ní ọrùn yẹn, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ irin náà nígbà tí wọ́n ń ṣe é ní ilé iṣẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n ń tò ó. Ara irin níbẹ̀ kò fìgbà kan balẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́, lẹ́yìn tó bá ti to ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tán, tó sì ti fà á le, fi máa ń di sípóòkù méjì tó wà ní ìhà kan náà mú pa pọ̀, á fún wọn kíkankíkan, á bọ́ sórí méjì tó tẹ̀ lé e, títí á fi yí i ká. Nígbà yẹn, fífà tó wà lára wọn á ga sí i fún ìṣẹ́jú àáyá kan, irin ọrùn á jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀, ìnira tó ti wà lára rẹ̀ á sì lọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí ẹ bá ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun tí ẹ̀rọ tò, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni máà ṣe èyí fún un, ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe é. Ariwo tín-ín, tín-ín tí ẹsẹ̀ tuntun máa ń dá lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gùn ún, sípóòkù tó lọ́ mọ́ nọ́ọ̀tì nígbà tí wọ́n ń yí i ni, ó ń tú ara rẹ̀. Kò séwu níbẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ náà lè má gún mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó ya èèyàn lẹ́nu jù ni pé sípóòkù tó dẹ̀ máa ń tètè já ju èyí tó le lọ. A máa ń rò pé bí a bá dẹ ọwọ́ fún un, a ń ṣàánú rẹ̀ ni. Òdì kejì ni. Ohun tí ẹrù máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò yí padà, yálà 100 ló ní tẹ́lẹ̀ tàbí 30. Èyí tó ní 30, bó bá ti dé ìsàlẹ̀, fífà rẹ̀ ti tán, ọrùn rẹ̀ á máa mì nínú ihò, á máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn, nọ́ọ̀tì rẹ̀ á máa yí padà fúnra rẹ̀, á túbọ̀ dẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á wá máa gba ìpín tirẹ̀ kún tiwọn. Lójú mi, ìdí tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun tó wá láti ọjà kì í fi í pẹ́ kò ju èyí lọ. Ẹ̀rọ tò ó, ó gún lójú, kò sì le tó. Iṣẹ́ wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ṣé kí a wá máa fà á títí ni? Rárá o. Ríìmù ló ní ààlà. Bó bá ti le kọjá ibi tó yẹ, ihò tí nọ́ọ̀tì ti jáde á bẹ̀rẹ̀ sí í la, pàápàá lára ríìmù alumíníọ́mù, tàbí kí gbogbo ríìmù lọ́ lójijì.

Àwọn mìíràn gbà pé sípóòkù tó nípọn ni oògùn. Mi ò bá wọn gbà á. Irin tó nípọn kì í nà púpọ̀ tí a bá fà á. Nítorí náà, bí ríìmù bá tẹ̀ bíńtín báyìí sókè, fífà tó pọ̀ ló máa lọ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yá a láti dẹ̀ tán. Èyí tí wọ́n jẹ́ kí àárín rẹ̀ tín-ín-rín, tí orí àti ìdí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2, tí àárín rẹ̀ jẹ́ 1.8, tàbí 1.5 pàápàá, á nà ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n ń fà á le. Bí ríìmù bá tẹ̀, ó ṣì ní nínà tó pọ̀ nílẹ̀ tó lè pàdánù. Ọrùn rẹ̀, níbi tí àárẹ̀ ti ń bá a, kò sì dín kù. Òun ló máa ń pẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga díẹ̀. Àwọn kan tún máa ń fi wáyà so sípóòkù pọ̀ níbi tí wọ́n ti kọjá lórí ara wọn, wọ́n á jó o pọ̀ mọ́ ọn. Brandt wọn irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò rí agbára kankan tó fi kún un. Ẹ fi owó yẹn ra ẹ̀fọ́.

Kẹ̀kẹ́ oníjíà ní ìṣòro tirẹ̀. Fíríwíìlì tó kó jíà mẹ́fà tàbí méje jókòó sí ọ̀tún họ́ọ̀bù, ó gba àyè, sípóòkù ọ̀tún kò sì lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ti òsì. Kí ríìmù lè wà láàárín gbùngbùn, a ní láti fa ti ọ̀tún le gan-an, ti òsì lè má sì ní ju ohun tó sún mọ́ ìdajì rẹ̀ lọ. Ìhà òsì yẹn ni kí ẹ máa fi èékánná ta lóòrèkóòrè, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ dẹ̀ tán. Raleigh àtijọ́ kò ní wàhálà yìí. Jíà kan ló ní lẹ́yìn, sípóòkù rẹ̀ ní ìhà méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ti ẹ̀gbẹ́ pàápàá kò yẹ kí a gbàgbé. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lè gbé ẹrù tó pọ̀ lóòró, àmọ́ tí ẹ bá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọrùn láti lọ́. Ẹni tó bá ṣubú tí ẹlòmíì sì tẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ á mọ̀. Fífẹ̀ họ́ọ̀bù ló ń gbà á lọ́wọ́ èyí: bí etí họ́ọ̀bù méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó, bẹ́ẹ̀ ni sípóòkù á ṣe di ríìmù mú tó lọ́tùn-ún lósì. Ní ti ìpẹtà, ẹ̀yin tó wà létí òkun, ní Èkó tàbí Badagry, ẹ bèèrè sípóòkù onírin tí kì í dípẹtà, kí ẹ sì bèèrè nọ́ọ̀tì onídẹ. Nọ́ọ̀tì alumíníọ́mù máa ń gan mọ́ sípóòkù, sípánà á sì bó o. Kí ẹ fẹ́ táyà kó le dáadáa, torí táyà tó bá rọ̀ ni ìbọ́-sí-kòtò fi máa ń dé ríìmù tààrà.

Bí sípóòkù bá wá já lọ́nà, kí ni ṣíṣe? Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíá. Èyí tó já yẹn, ẹ ká a mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má baà wọ inú ṣéènì tàbí fọ́ọ̀kì. Ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wò. Ríìmù á ti fì sí òdì kejì, torí ẹni tó ń fà á sí ìhà tirẹ̀ ti lọ. Ẹ wo sípóòkù méjì tó wà nítòsí èyí tó já, tó sì wá láti òdì kejì yẹn, kí ẹ fi sípánà dẹ̀ wọ́n bí ìdajì yíyí kan, títí ríìmù á fi kọjá láàárín búréèkì. Ẹ rọra gùn ún lọ sílé, ẹ má gbé èèyàn sẹ́yìn.

Tí ẹ bá délé, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí òmíràn bá tún já lẹ́yìn oṣù kan, ẹ pààrọ̀ òun náà, kí ẹ sì yẹ fífà gbogbo àwọn tó kù wò. Àmọ́ tí ẹ̀kẹta bá já, ẹ má fowó ṣòfò lórí ọ̀kan ṣoṣo mọ́. Iye ìgbà tí àwọn mẹ́ta yẹn ti dẹ̀ tí wọ́n sì ti le náà ni àwọn tó kù ti ṣe, wọ́n ti ń la níbi ọrùn, ẹ ò kàn tíì rí i ni. Bí ríìmù bá ṣì gún tí ihò rẹ̀ kò tíì là, tí họ́ọ̀bù náà ṣì ń yí wọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹsẹ̀ tuntun fún yín. Ẹ ní kí wọ́n tú gbogbo sípóòkù náà, kí wọ́n tò ó lákọ̀tun pẹ̀lú tuntun, kí wọ́n fà á le, kí wọ́n sì fún un ní méjì méjì kí wọ́n tó gbé e fún yín.